Ẹfúnṣetán inú eré àti Ẹfúnṣetán tó gbé Ìbàdàn: ibo ni àṣẹ òǹkọ̀wé eré pin sí?

OmoOkeAdo
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti ka ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ pé báwo ni Ìyálóde ṣe kú. Á ní ó gbé májèlé jẹ ni, lẹ́yìn tí Látóòsà, olórí ogun Ìbàdàn, ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ìdáhùn tó wà lẹ́nu gbogbo wa nìyẹn, torí ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kà ní sẹ́kọ́ńdírì, òun náà la sì wò lórí ìtàgé àti nínú fíìmù.

Ẹ wá ṣí ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ. Wọ́n pa obìnrin yìí ni. Lóru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1874, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ gba àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí. Ọmọ tó gbà tọ́ wà nínú ọ̀tẹ̀ náà, ọwọ́ Ààrẹ Látóòsà ló sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Kó tó di òru yẹn, ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú nígbà tí òun ń bọ̀ wálé. Kò sí ọ̀rọ̀ aboyún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí Adétutù, ẹrú aboyún tí Ìyálóde pa nínú eré, níbẹ̀.

Mi ò bá òǹkọ̀wé jà pé ó dá Adétutù àti Ìtáwuyì, ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sílẹ̀. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ló ká mi lára. Nínú eré, Látóòsà ni olùgbàlà tó wá tú ẹrú sílẹ̀. Nínú ìtàn, òun ló fa ikú obìnrin náà. Tí eré bá ti gbé ẹ̀bi ìpànìyàn kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́, tó wá gbé e ka ẹni tí wọ́n pa lórí, ṣé a ṣì lè ní àyè òǹkọ̀wé ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

OlukoEde
Àbúrò, mo kí ẹ. Ọ̀rọ̀ tó lágbára lo gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Ìṣọ̀lá sọ tẹnu rẹ̀, torí kò sí láyé mọ́ láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọdún 1970 ni wọ́n tẹ ìwé yẹn jáde. Ọmọ Ìbàdàn ni òǹkọ̀wé, ó mọ ìtàn ìlú rẹ̀. Kì í ṣe pé kò rí ohun tí Johnson kọ. Ó mú ìbéèrè kan ni, ó sì kọ eré lé e lórí: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ní ẹni tó lè dá a dúró? Gbogbo ohun tó wà nínú eré ló ń sin ìbéèrè yẹn. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e kiri, èrò sì ń ya lọ wò ó. Bankọle Bello sọ ọ́ di fíìmù ní 1981. Àwọn tó ń wò ó nígbà yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ aláṣẹ tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má fi Johnson ṣe Bíbélì. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ìran Ọ̀yọ́ sì ni, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ìwé tó fọwọ́ kọ sọ nù lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ọdún 1921 ló sì jáde, nígbà tí Johnson ti kú láti 1901. Ọwọ́ ènìyàn ló kọ òun náà.

AdukeKuta
Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹni náà wà nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìbàdàn ni Johnson wà ní 1874, iṣẹ́ ìjọ àti ti tíṣà ló ń ṣe níbẹ̀. Ìlú kan náà ni òun àti Ìyálóde ń gbé. Kò sì ní ìdí kankan láti máa gbèjà Ẹfúnṣetán, ọmọ Ẹ̀gbá ni, kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ agbára bí ẹni pé Ẹfúnṣetán nìkan ló ní in nílùú yẹn. Ta ni Látóòsà? Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, láti 1871. Ogun ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹrú sì ni èrè ogun. Kò sí ìjòyè Ìbàdàn kan láyé ìgbà yẹn tí kò ní ẹrú lóko àti nílé. Johnson ní Ẹfúnṣetán ní ẹrú bí 2,000 lóko rẹ̀ nìkan, yàtọ̀ sí àwọn tó wà nílé. Ó ní àwọn balógun tirẹ̀ àti ọmọ ogun tirẹ̀. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun kan náà tó wá dìde sí i. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wọn. Kí ló wá dé tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni eré yàn láti fi ṣe ìkà?

Ẹ gbọ́ oríkì rẹ̀. Àwọn tó ń kì í ní ó lẹ́ṣin kò gùn ún, wọ́n ní ohun ìní rẹ̀ ju ti Ààrẹ lọ, wọ́n ní ó ń dẹ́rù ba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tó ní ohun ìní rẹ̀ ju ti Ààrẹ lọ yẹn, èmi gbà pé ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò àti òṣèlú, bí ẹ bá fẹ́ rí Ẹfúnṣetán tí kì í ṣe iwin. Ère rẹ̀ wà ní Challenge, n'Ìbàdàn. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá níbẹ̀, obìnrin inú eré ni wọ́n ń rí.

Bayo_Mokola
Ṣùgbọ́n ṣé àwọn òǹwòran ò mọ̀ pé eré ni ni? Kò sẹ́ni tó ń wo sinimá tó rò pé ìwé ẹ̀rí ni.

OlukoEde
Báyọ̀, mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá tipẹ́. Tí mo bá bi wọ́n léèrè nípa Ìyálóde Ìbàdàn nínú ìdánwò, ìtàn inú eré ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú Adétutù nínú rẹ̀, bíi pé ó gbé ayé rí. Ẹnu mi kò lè sọ pé wọn ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bá àbúrò jiyàn lé lórí ni ẹni tó yẹ ká dá lẹ́bi, bóyá òǹkọ̀wé ni, tàbí àwa tí a yọ iṣẹ́ ìtàn kúrò nílé ìwé tí a wá fi eré dí ojú rẹ̀.

ItageLaye
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é jẹun sọ̀rọ̀ o. Mo ti ṣe Látóòsà lórí ìtàgé. Ká sọ tòótọ́, ipò aládùn ni. Òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ láti ìgbà tí o bá ti wọlé, torí pé ojú wọn ti rí ẹ̀jẹ̀ aboyún, wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan gbẹ̀san. Tí ẹ bá ní kí n wá ṣe Látóòsà tó dọ́gbọ́n rán ẹrú gba òkè àjà lọ pa obìnrin lójú oorun, ta ni ìlú fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún?

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé eré kò lè gbé òṣèlú oṣù méjì. Ìpàdé ìjòyè lórí ìpàdé ìjòyè, owó ìtanràn, ẹni tó lọ bẹ ẹni: òǹwòran á ti sùn. Òǹkọ̀wé ní láti kó ọ̀pọ̀ ọjọ́ sínú ọjọ́ kan, kó fi ènìyàn kan dúró fún ogún. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ lójú tèmi.

Irọ́ tó ń bí mi nínú ni ti aṣọ àti ohun èlò. Ẹ wo àwọn fíìmù Ọ̀yọ́ ilé tí wọ́n ń ṣe báyìí. Felifẹ́ẹ̀tì òde òní tó ń dán lọ́rùn Aláàfin àtijọ́ kan, ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rá lọ́rùn, gèlè tí wọ́n wé bí ti òde ìgbéyàwó Èkó. Níbo ni sányán wà? Níbo ni àlàárì wà, kíjìpá ńkọ́ fún àwọn ìyàwó ilé? Ẹni tó ń na owó gọbọi lórí kámẹ́rà kò lè rán ènìyàn lọ sí Ìsẹ́yìn lọ ra òfì gidi. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti májèlé lọ, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.

OmoOkeAdo
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí aṣọ. Ṣùgbọ́n aṣọ kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ lè wọ aṣọ òfì tó pé pérépéré lé Látóòsà lọ́rùn, kí irọ́ ṣì kún ẹnu rẹ̀.

AlaketuBenin
Mo kí yín láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá tó kan èmi àti ẹ̀yin Ẹ̀gbá pọ̀.

Ẹ rántí fíìmù The Woman King tó jáde ní 2022, lórí àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì. Ọdún 1823 ni wọ́n fi í sí. Ọba Ghezo wà níbẹ̀, ẹni gidi ni, ó jọba láti 1818 títí di 1858. Ó jẹ́ òótọ́ pé Dàhọ̀mì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ghezo ló sì já ìdè yẹn. Fíìmù fi ìyẹn hàn dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ló yà kúrò lọ́nà: ó fi Ọ̀yọ́ ṣe àwọn akónilẹ́rú, ó wá fi Dàhọ̀mì ṣe ìlú tó kẹ́yìn sí òwò ẹrú, ó parí sí i pé ọba dáwọ́ òwò náà dúró.

Ẹ bi ilẹ̀ wa bóyá Dàhọ̀mì dáwọ́ dúró. Odidi ọgbọ̀n ọdún dín díẹ̀ lẹ́yìn 1823 kí Ghezo tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1852, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun wọn ti dí etí òkun mọ́ ọn. Kò sì pẹ́ tí òwò náà fi tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun rẹ̀, obìnrin wọ̀nyí pẹ̀lú, kọlu Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864 lábẹ́ Glele ọmọ rẹ̀, wọ́n tún pàdánù. Kétu kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọ́ ìlú wa túútúú ní 1886. Àwọn tí wọn ò pa, wọ́n kó wọn lọ sí Abomey.

Ọkùnrin kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oluale Kossola. Ọmọ Yorùbá ni. Dàhọ̀mì kó o lẹ́rú nígbà tí wọ́n sun ìlú rẹ̀, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti àwọn bí 110 lọ sí Mobile, ní Alabama, ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti lòdì sí i láti 1808. Ó sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀ kó tó kú ní 1935, pé àwọn obìnrin ológun wà lára àwọn tó ya wọ ìlú àwọn láàárọ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà ní kíkà kí wọ́n tó ya fíìmù náà. Ẹni tó bá ka ẹ̀rí ọkùnrin yẹn, tó wá jókòó síwájú fíìmù yìí, á yé e ìdí tí kò fi rọrùn fún wa láti pàtẹ́wọ́.

AyoLondon
Bọ̀dá Alákétu, ẹ kú àlàyé. Mo wò ó ní Lọ́ńdọ̀n níbí, ilé sinimá kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọbìnrin dúdú tó wà níbẹ̀, ojú wọn ń tàn. Wọn ò rí irú ara wọn báyẹn rí: obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gbé idà, tí kò sí aláwọ̀ funfun tó wá gbà á là. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ó kan ọmọ tèmi náà.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwa Yorùbá máa ṣe bíi pé ọwọ́ Ọ̀yọ́ mọ́. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) jáde sí etí òkun. Olówó ni òwò yẹn sọ wọ́n dì. Apá tí fíìmù fi hàn nípa Ọ̀yọ́ kì í ṣe irọ́ pátá. Ohun tí wọ́n yọ kúrò lára Dàhọ̀mì ló sọ ọ́ di irọ́.

AdukeKuta
Àyọ̀, o ti sọ ọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Ẹfúnṣetán, ọ̀nà ló yí padà. Ìwà líle rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú nígbà ìrọbí, ìbànújẹ́ yẹn sì yí i padà. Mi ò ní kí wọ́n sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ìwà líle rẹ̀ jáde, kí wọ́n gbé ti Látóòsà jáde pẹ̀lú.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, mo gbọ́. Ìdùnnú ọmọ náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ọmọ Kétu náà ní ojú tó fi ń wo nǹkan.

IyaIbejiOyo
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi kò kàwé tó yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín nípa àwọn ìdílé. Àwọn tí wọ́n ń fi ṣe eré wọ̀nyí ní ọmọ láyé. Wọ́n ń ṣe eré Baṣọ̀run Gáà káàkiri, bó ṣe pa Agbọ̀nyín ọmọ Abíọ́dún, tó ní agbọ̀nrín ni òun pa. Ìlú gbọ́, ìtàn gbà á. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wá fi ohun tí kò ṣe kún ohun tó ṣe, ta ló fẹ́ bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Kò sẹ́ni tó máa ń wá bi ìdílé léèrè kó tó gbé orúkọ wọn sórí ìtàgé.

OmoOkeAdo
Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè yín mú mi rántí Ládìgbòlù.

Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 1944. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Jìnádù, Olókùn-Ẹṣin rẹ̀, dúró pé kò gbọdọ̀ bá ọba kú, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Ìtàn gidi ni, n'Ọ̀yọ́. Dúró Ládiípọ̀ ṣe é ní eré ní 1964, ó pè é ní Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká náà kọ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. Ọmọ tó kú, Ṣóyínká sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn n'Ílùú Ọba. Ó fi ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan sínú eré pé ó wá bẹ ìlú wò lákòókò ogun. Àwọn nǹkan wọ̀nyí tóbi o. Àmọ́ ó kọ ọ́ síwájú ìwé pé òun yí ọdún, ètò ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìwà àwọn ènìyàn padà. Ó tún orúkọ wọn dá: kò sí Jìnádù nínú eré náà, Ẹlẹ́ṣin nìkan ni wọ́n ń pè é. Ìdílé lè sọ pé kì í ṣe bàbá àwọn ni.

Ẹ̀yin ẹ wò ó. Ṣóyínká yí púpọ̀ padà, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ohun tí kò ṣe, torí kò lo orúkọ wọn. Ìṣọ̀lá pa orúkọ Ẹfúnṣetán mọ́, ó pa ti Látóòsà mọ́, ó wá yí ikú padà. Lójú tèmi, bí o bá ti fi orúkọ gidi síbẹ̀, ikú ẹni náà kì í ṣe tìrẹ láti tún ṣe.

OlukoEde
Mo gbà á bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Tí a bá sọ ọ́ di òfin, eré Ọba Kòso kò ní sí, torí bí Ṣàngó ṣe kú gan-an, bí ẹnu ṣe pọ̀ tó náà ni ìtàn ṣe pọ̀ tó. Oníṣàngó kan kò ní gbà fún ẹ pé ọba so. Àgbàlagbà òǹkọ̀wé ní láti yan ọ̀kan. Ibi tí ẹnu kò ti kò, òǹkọ̀wé lè yan. Ikú Ẹfúnṣetán kò sí níbẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ní ọjọ́, ó ní ọ̀nà, ó ní àwọn tó ṣe é. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń tẹ ìwé náà fi ojú ewé kan síwájú, gẹ́gẹ́ bí Ṣóyínká ṣe ṣe, kí ọmọ ilé ìwé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó wọ inú eré. Àwa tíṣà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nínú kíláàsì láì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìlàjì wákàtí péré ni.

ItageLaye
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìjíròrò yìí ti ṣe sí mi lára látàárọ̀. Mo ti ń rò ó bí ẹni tó fẹ́ gbé e sórí ìtàgé.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn gidi. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti kú, tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Àwọn balógun ìlú jẹ ẹ́ ní gbèsè. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹfà, ó ń yí ibi ìsùn padà torí pé ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ẹ ronú sí ìyẹn: obìnrin tó lówó jù nílùú, tí kò lè fojú kan oorun nínú ilé ara rẹ̀, tí kò mọ èwo nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá fún un ni ilé Ààrẹ ti rà. Ọmọ tó gbà tọ́ wà lára àwọn tó dìtẹ̀ sí i. Mi ò nílò aboyún kankan láti fi mú òǹwòran lọ́kàn.

Mo sọ pé òṣèlú oṣù méjì kò ṣe é gbé lórí ìtàgé. Èyí kì í ṣe òṣèlú, ilé kan ṣoṣo ni, àti òru.

AdukeKuta
Ẹ má gbàgbé ohun tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ará rẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá bi Ìbàdàn léèrè ikú ọmọ wọn. Wọ́n wá mú ẹrú tó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n pa wọ́n ní gbangba. Àwọn ẹrú ló kú sí i. Ààrẹ kò kú sí i, ojú ogun Kírìjì ló kú sí ní 1885.

ItageLaye
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó parí sí: Látóòsà jókòó, ó ń dájọ́ ikú fún àwọn ẹrú tí òun fúnra rẹ̀ rán níṣẹ́, ọmọ tí Ìyálóde gbà tọ́ sì dúró láàárín èrò, ó ń gbọ́. OlukoEde, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá kọ ìran àkọ́kọ́ tán, ṣé ẹ lè bá mi wo èdè Ìbàdàn inú rẹ̀? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí oníròyìn rédíò.

OlukoEde
Fi ránṣẹ́ sí mi. Kí Àdùkẹ́ wo ti àwọn ará Ẹ̀gbá, torí èmi ò lè kọ ẹnu wọn.